Bẹ́ẹ ṣe lè yan máìkì tó yẹ fún òde àti fún sítúdíò

Tẹ́ẹ bá fẹ́ ra máìkì, ẹ má tíì bèèrè iye ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tẹ́ẹ fẹ́ lò ó àti gbogbo ariwo tó máa wà níbẹ̀, torí máìkì olówó ńlá tó dáa gan-an ní sítúdíò lè dójú tì yín níwájú èrò.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Dynamic ò nílò iná kankan, ó lágbára, tó bá já bọ́ lọ́wọ́ onífújì ó ṣì lè ṣiṣẹ́, ohun tó bá sì sún mọ́ ọn ló máa ń gbọ́ jù. Condenser ní tiẹ̀ nílò phantom power, ìyẹn iná 48 volt tí míksà máa ń gba inú wáyà fi ránṣẹ́ sí i, etí ẹ̀ mú gan-an, ó ń gbọ́ èémí, ó sì ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ilé kejì.

Fún òde, ẹ lo dynamic jàre. Shure SM58 ti wà láti 1966, wọ́n ṣì ń kọrin sínú ẹ̀ káàkiri ayé. Cardioid ni, iwájú ló ti ń gbọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ dití, nítorí náà ẹ̀yìn máìkì gangan ni kẹ́ẹ gbé mónítọ̀ sí, ìyẹn sípíkà tí olórin fi ń gbọ́ ohùn ara ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ Beta 58A, supercardioid nìyẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì ń gbọ́ díẹ̀, apá ẹ̀yìn lọ́tùn-ún àti lósì ló dití jù, ẹ gbé mónítọ̀ méjì síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí máìkì bá ń ké wíìn, ibi tí mónítọ̀ wà ló fà á, kì í ṣe máìkì. Ẹ sì bá mi bẹ àwọn MC tó ń fọwọ́ bo orí máìkì, wọ́n rò pé ó dáa lójú, bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ti bò ó báyìí, ẹ̀yìn tó dití yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́.

Tí àáfà tàbí pásítọ̀ tóhùn ẹ̀ rinlẹ̀ bá ki ẹnu bọ máìkì, bass á pọ̀ débi pé ọ̀rọ̀ ò ní já gaara, ẹ tẹ low cut lórí míksà, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń gé bass kù, ó tán. Níta gbangba bí Ojúde Ọba, ẹ fi fóòmù bo orí ẹ̀ nítorí atẹ́gùn, tó bá sì jẹ́ wireless, ẹ tètè dé kẹ́ẹ wá frequency tẹ́nì kankan ò lò.

Àpàlà lẹ ti máa mọ̀ bóyá ẹ mọ máìkì yàn lóòótọ́. Ìjẹ̀bú-Igbó tí Haruna Ishola ti wá ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí òde tí agídìgbo wà níbẹ̀ téèyàn ò gbọ́ ọ rárá. Ohùn agídìgbo ò pọ̀, ẹ gbé SM57, dynamic Shure mìíràn, sún mọ́ ihò ẹ̀ dáadáa, kẹ́ẹ wá kọ ẹ̀yìn máìkì yẹn sí àkúbà. Onígángan ń rìn, ó ń yí ìlù lábẹ́ abíyá, máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìlù ló dáa fún un, tówó ò bá tó, kó dúró sójú kan, kí máìkì kọjú sí awọ tí kọ̀ǹgọ́ ń bà. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò nílò tiẹ̀ lóde, máìkì gbogbo àwọn yòókù ló ń gbọ́ ọ. Tí máìkì bá jìnnà sí ìlù ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kí máìkì tó tẹ̀ lé e jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ohùn wọn má baà máa pa ara wọn.

Ní sítúdíò, yàrá yín ni kẹ́ẹ wò. Tó bá pa rọ́rọ́, tẹ́ẹ ti fi kọ́tìnnì tó nípọn àti fóòmù gba ohùn lára ògiri, condenser ni o, kò sóhun tó ń gbé ohùn olórin jáde bíi tiẹ̀, òun náà ló sì dáa fún ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tẹ́ẹ bá gbé e jìnnà díẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá kan ní Ṣàgámù tó jẹ́ ògiri lásán, tí ọkọ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ má dán an wò, dynamic bíi SM7B ni kẹ́ẹ rà kí olórin sún mọ́ ọn, kẹ́ẹ kàn rí i pé gain míksà yín, ìyẹn agbára tó fi ń gbé ohùn máìkì sókè, tó, torí ó fẹ́ tó 60 dB.

Fééki SM58 pọ̀ lọ́jà. Ojúlówó tí ò ní bọ́tìnnì ń wọ̀n nǹkan bíi 300 gíráàmù, tó bá fúyẹ́ lọ́wọ́, ẹ dá a padà, ẹ má sanwó kẹ́ẹ tó sọ̀rọ̀ sí i nínú ṣọ́ọ̀bù.