Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Wíwọn Purotéènì Tí A Ti Pa Láró

Nọ́ńbà kan ló ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ nídìí iṣẹ́ yìí: 280. Ní 280 nm (nanometer, òṣùwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) ni tryptophan àti tyrosine, àwọn amino acid inú purotéènì, ti ń gba ìmọ́lẹ̀ mu, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti kọ́ wa pé ká wò. Ó dáa, bí purotéènì náà bá dá wà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti so fluorescein, aró kan tó ń tàn, mọ́ ọn, aró náà ń gba tirẹ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí 495 nm ni agbára rẹ̀ wà. Ẹni tó bá lo A280 (òǹkà ní 280 nm) bó ṣe bá a, purotéènì àti aró ló kà pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ká ní IgG, irú antibody kan, tí a pa láró fún wa ní 0.90 ní 280 nm àti 0.80 ní 495 nm. Ìdá 0.30 ohun tí fluorescein ń gbà ní 495 ló ń yọjú ní 280. 0.80 × 0.30 jẹ́ 0.24, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 0.90, ó ku 0.66. Ẹ fi 210,000, ìyẹn ìwọ̀n bí IgG ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ní 280 nm, pín in: 3.1 µM (micromolar), ìyẹn 0.47 mg nínú mílílítà kan. Ẹni tí kò yọ nǹkan kan yóò kọ 0.64. Kò tán síbẹ̀ o. Iye aró tó wà lórí purotéènì kọ̀ọ̀kan, tó yẹ kó jẹ́ 3.7, yóò di 2.7. Á rò pé aró kò mú tó, á tún bù sí i, bẹ́ẹ̀ antibody tí aró bá pọ̀ jù lára rẹ̀ kì í tàn dáadáa mọ́.

Ẹ má fi 0.30 yìí ṣírò aró mìíràn: ti Alexa Fluor 488 jẹ́ 0.11, ti Cy5 jẹ́ 0.05.

Èyí tó ń dùn mí jù ni aró tí kò so mọ́ nǹkan kan. Kò sí ìṣirò tó lè yọ ọ́, àfi ká fọ̀ ọ́ kúrò bí a ti ń ṣan aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Bí ẹ bá da á sórí Sephadex G-25, gel tó ń ya ohun ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré, ẹ tẹjú mọ́ ọn: ìlà àwọ̀ ìyeyè méjì ni ẹ ó rí. Èyí tó ṣáájú ni purotéènì; èyí tó ń wọ́ tẹ̀lé e ni aró lásán. Ẹ gba ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì dáwọ́ dúró kí ìkejì tó dé. Mo mọ àwọn tó ń gba ohun tó wà láàárín nítorí kò wù wọ́n kí ó ṣòfò. Ohun tí wọ́n wọ̀n lẹ́yìn náà kò ṣeé gbà gbọ́.

Fluorescein kì í gba ìmọ́lẹ̀ tó bó ṣe yẹ nínú omi tó kan (acid), nítorí náà ẹ lo buffer (omi tí pH rẹ̀ kì í tètè yí) pH 8 sí 9, buffer yẹn gan-an ni kí ẹ sì fi ṣe blank, ìyẹn èyí tí ẹ ó kà sí òdo. Ẹ má lo cuvette (ife kékeré tí a ń fi wọ̀n ọ́n) oníke lásán, torí òun fúnra rẹ̀ ń dí ìmọ́lẹ̀ 280. Quartz ni kí ẹ lò. Bí òǹkà bá kọjá 1.5, ẹ fi buffer là á, kí ẹ sì rántí ìlọ́po tí ẹ fi là á. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, ẹ wo 600 nm. Fluorescein kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀, nítorí náà bí òǹkà kò bá sún mọ́ òdo, purotéènì ti ń dì: ẹ yí i nínú centrifuge, kí ẹ tún un wọ̀n.