Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Irúgbìn Ilá Kí Ó Má Bàa Bu

Irúgbìn ilá gidi kì í ṣe èyí tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn ọjà. Láti inú oko ni kí a ti ya igi ilá tí ara rẹ̀ dá sọ́tọ̀, kí a jẹ́ kí ilá orí rẹ̀ kó, kí ó sì gbẹ kí a tó ká a. Bí òjò bá ń pa á léraléra lẹ́yìn tí ó ti gbẹ, àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn ohun tí ó ń mú nǹkan bu, bíi Fusarium àti Aspergillus, yóò ráyè wọ inú irúgbìn. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ èyí tí a ká nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Lẹ́yìn tí a bá ti ṣa èyí tí ó hunjọ kúrò, kí a sá ìyókù sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Gbígbẹ yìí ṣe pàtàkì ju ohun gbogbo lọ, nítorí pé bí omi ara irúgbìn bá wà láàárín ìdá 5 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 1 péré tí a bá dín kù lè sọ ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú ìpamọ́ di ìlọ́po méjì. Kí a kó o sínú ìgò tí ó dé pinpin, pẹ̀lú ìrẹsì tí a yan gbẹ, tí ó ti tutù, tí a sì fi aṣọ dì, kí a gbé e síbi tí ó tutù.

Kí a tó gbìn, kí a to 100 irúgbìn sórí bébà tútù, kí a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Èyí tí nǹkan bí òwú tàbí ìyẹ̀fun dúdú bá bò ti ní fọ́ńgọ́ọ̀sì lára. Irúgbìn tí a bá fi oògùn tí ó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì ra lára kò ṣeé jẹ mọ́.