Ìtanràn eré àsápajúdé nínú mọ́tò tí ẹ háyà lókè òkun

Ẹ̀yin ará, bí kámẹ́rà bá ká mọ́tò tí ẹ háyà lókè òkun mọ́ eré àsápajúdé, ilé-iṣẹ́ tó ni mọ́tò ni ìwé kọ́kọ́ ń lọ bá. Wọn á fi orúkọ àti àdírẹ́sì yín ránṣẹ́ síjọba, wọn á sì yọ owó iṣẹ́ wọn nínú káàdì yín. Owó yẹn kì í ṣe ìtanràn o! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n gbà pé àwọn ti san, ìtanràn gan-an á sì máa wú sí i.

Ìwé ìjọba lè pẹ́ kó tó dé. Tó bá dé, ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò, ọjọ́ àti wákàtí wé ìwé háyà yín. Bó bá bára mu, ẹ tètè san án: fún ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ eré, Ítálì ń yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ́ni tó san láàárín ọjọ́ 5, Sípéènì ń yọ ìdajì láàárín ọjọ́ 20. Owó tí ẹ bá fi báńkì ránṣẹ́ lè falẹ̀ kọjá gbèdéke. Káàdì ló yá jù. Ẹ má tẹ líǹkì inú àtẹ̀jíṣẹ́ kankan. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé ìtanràn mọ́ owó náà, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.