Àmì dúdú inú àwòrán MRI kì í ṣe ẹ̀rí pé sẹ́ẹ̀lì ṣì wà láàyè

Bí ẹ bá ń fi MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, tọpa sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gún sínú ara láti fi ṣe ìtọ́jú, ẹ má ṣe ka gbogbo ibi tó dúdú sí sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀rọ náà kò lè dá sẹ́ẹ̀lì àlejò mọ̀ yàtọ̀ sí ti onílé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kó èérún irin tín-ín-tín sínú sẹ́ẹ̀lì àlejò kí wọ́n tó gún un. Irin yìí ló ń da agbára òòfà àyíká rẹ̀ rú, tí ibẹ̀ fi ń dúdú. Irin la rí, a ò rí sẹ́ẹ̀lì.

Bí sẹ́ẹ̀lì bá sì kú, irin inú rẹ̀ kì í bá a lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ ara á gbé e mì, wọ́n á dúró síbẹ̀, àwòrán á ṣì dúdú. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2007, lára ọkàn eku tí àìsàn ti bà jẹ́, àmì náà ṣì wà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹran ọkàn náà wò, inú àwọn agbálẹ̀ ni irin wà. Ẹ rò ó wò, ká ní aláìsàn ni wọ́n fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ hàn pé ìtọ́jú rẹ̀ ti jẹ́!

Ẹ má sì fi bó ṣe dúdú tó ka iye sẹ́ẹ̀lì. Èyí tó ń pín sí méjì ń pín irin rẹ̀ fún ọmọ. Èyí tó yè tó ń bí sí i ló ń pòórá lójú wa, èyí tó kú ló ń hàn.

Ẹ̀jẹ̀ tó ti dà sínú ẹran ara náà ní irin tirẹ̀, òun náà lè dúdú nínú àwòrán, ojú abẹ́rẹ́ sì lè ṣẹ̀jẹ̀. Tí ẹ kò bá ya àwòrán kan sílẹ̀ kí ẹ tó gún un, kí lẹ fẹ́ fi wé?

Àṣìṣe tó tún ń dùn mí ni kí wọ́n dúró di ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán àkọ́kọ́. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún un gan-an ni MRI wúlò jù. Ní Nijmegen, ní Nẹ́dálándì, wọ́n gún sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ ara láti bá jẹjẹrẹ awọ jà sínú kókó, irú èyí tó máa ń wú lábẹ́ abíyá. Ultrasound, ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara, ni wọ́n fi wo ọ̀nà abẹ́rẹ́. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, MRI fi hàn pé lára nǹkan bí ìdajì àwọn aláìsàn, sẹ́ẹ̀lì náà kò bọ́ sínú kókó rárá.