Owó ìgò mẹ́rin tó bá omi bátìrì lọ

₦24,000! Mo fẹ́ fi ìyẹ̀fun olú yọ òjé (lead, irin olóró inú bátìrì) kúrò nínú omi bátìrì, owó àyẹ̀wò omi nìyẹn: ìgò mẹ́rin, ₦6,000 ìkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó sọ fún mi ní yàrá àyẹ̀wò pé òjé inú omi mi kò dín rárá. Bébà tí ń yí àwọ̀, tí a fi ń wo bí ásíìdì ṣe le tó, ìbá ti kìlọ̀ fún mi, kò sì tó owó ìgò kan.

Alfa tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe nítòsí ilé wa n'Ìlọrin ló ń da omi tó fi fọ ikùn bátìrì sí gọ́tà, gọ́tà náà sì dorí kọ Odò Àsà. Mo ti kọ́ ọ pé ara olú máa ń di òjé mú, òkú olú pàápàá. Mo ní kí wọ́n fún mi ní kẹ́ẹ̀gì kan.

Sísá olú àti jíjọ̀ ọ́ kò le. (Ìyá tó ń lọ èlùbọ́ ní Ìpátá lé mi, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn kì í ṣe ti oògùn. Odó ni mo fi gún un.)

Ásíìdì ló há mi. Nígbà tí mo ra bébà yẹn tán, pH omi náà (nọ́ńbà tí ń sọ bí ásíìdì ṣe le tó; bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe le tó) kò ju 2 lọ. Ásíìdì ti jókòó sí gbogbo ibi tí òjé ìbá ti lẹ̀ mọ́ ara olú. Mo wá ń ro omi kọ́sítíìkì sódà sí i láti pa ásíìdì náà. Mo ro ó, mo ro ó, kò yí. Mo ro ẹ̀kán kan sí i, ó fò dé 9! Omi ṣú bí omi ògì, inú mi dùn, mo ní olú ti ń ṣiṣẹ́. Olú wo? Mi ò tíì da olú sí i! Òjé fúnra rẹ̀ ló ń ya kúrò lára omi. Mo dà á nù, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí ó tó dúró sí 5.

Lọ́tẹ̀ yìí mo ya ìgò kan sọ́tọ̀ láìfi olú sí i, ohun tó yẹ kí n ti ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Èsì dé: òjé inú ìgò olú ti dín gan-an, ti èkejì wà bó ṣe wà. Mo fò sókè! Síbẹ̀ kò tíì dín dé 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lé omi mímu, ẹ má bù ú mu o.

Òjé kò sì pòórá. Inú ìyẹ̀fun olú ló wà, mo dì í sínú ọ̀rá, mo fi sínú ike ọ̀dà tó ní ìdérí. Ẹ má sun ún, ẹ má dà á sóko.

Alfa ti bi mí ìgbà tí mo máa wá gbé kẹ́ẹ̀gì kejì. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá mi dá owó ìgò.