Bẹ́ ẹ ṣe lè ní kí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà yọwọ́ nínú History àti Civics ọmọ yín

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà ní Houston, Maryland, Chicago, ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ Democrat àbí Republican jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Trump dá 1776 Commission sílẹ̀ ní 2020, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó fẹ́ kí wọ́n máa fi History kọ́ ọmọ láti nífẹ̀ẹ́ Amẹ́ríkà, Biden tú u ká lọ́jọ́ tó gorí àga gan-an ní January 2021, Trump padà dé ní January 2025 ó tún dá a sílẹ̀, ṣé bí wọ́n á ṣe máa fi ọmọ yín gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn? Àwa tá a ti Nàìjíríà wá ṣáà mọ̀ ọ́n, Abuja yọ History kúrò ní sáà 2009/2010, gbogbo ìpínlẹ̀ ló kàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Òfin wà lẹ́yìn yín o. Òfin 1979 tó dá Department of Education sílẹ̀ ló fúnra ẹ̀ sọ pé wọn ò gbọdọ̀ darí kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù skúùlù kankan, ESSA (Every Student Succeeds Act) ti 2015, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí skúùlù, náà sì tún kà á léèwọ̀. Owó ni wọ́n wá ń bá wọlé. Wọn ò ní sọ pé dandan ni kẹ́ ẹ kọ́ tibí, wọ́n á kàn ní ẹni tó bá kọ́ ọ ló máa tètè rí gírááǹtì, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba, gbà. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé: ẹ lọ sórí Federal Register, ìkànnì tí ìjọba àpapọ̀ ti ń gbé ìlànà tuntun jáde, ẹ tẹ "American History and Civics" síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí "proposed priority" (ohun tí wọ́n ń gbèrò láti fi ṣáájú tí wọ́n bá ń pín gírááǹtì) ẹ tètè wo déètì tí kọ́mẹ́ǹtì máa parí, torí ó sábà máa ń jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ péré, kẹ́ ẹ wá gba regulations.gov kọ kọ́mẹ́ǹtì yín, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá di sítísìn. Ẹ má lọ kọ́pì lẹ́tà tí gbogbo ayé ń pín kiri lórí WhatsApp. Ẹ mú gbólóhùn kan pàtó nínú ìwé wọn, ẹ ní "ohun tẹ́ ẹ kọ síbí ta ko òfin 1979, ìpínlẹ̀ wa ló ń pinnu ohun tí ọmọ mi máa kọ́ ní kíláàsì kẹjọ, ẹ yọ ọ́." Ó ti tó, ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì kọ orúkọ ọmọ tàbí àdírẹ́sì ilé o, gbogbo ayé ló máa rí i.

Ó sì ń ṣiṣẹ́. Ní April 2021, ìlànà gírááǹtì tí ìjọba Biden gbé jáde dárúkọ 1619 Project, iṣẹ́ ìwé ìròyìn New York Times lórí òwò ẹrú nínú ìtàn Amẹ́ríkà, kọ́mẹ́ǹtì tó lé ní 33,000 ló wọlé, nígbà tó fi máa di July wọ́n ti yọ orúkọ yẹn, wọ́n sì sọ pé ẹni tó bá tẹ̀ lé ìlànà náà ò ní gba máàkì àfikún nígbà tó bá ń béèrè fún gírááǹtì.

Ti Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ò le: ẹ pe ọ́fíìsì sẹ́nétọ̀ yín, ẹ sọ zip code yín, nọ́ńbà bíìlì, pé ẹ ò fẹ́ ẹ, ó parí. Bíìlì Civics Secures Democracy Act ti 2021 ń wá bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún fún ẹ̀kọ́ History àti Civics, Coons tó jẹ́ Democrat àti Cornyn tó jẹ́ Republican ni wọ́n jọ gbé e wá, kò sì kọjá. Ní January 1995 ńkọ́, ìlànà History tí wọ́n fowó ìjọba àpapọ̀ ṣe, 99 sí 1 ni Sẹ́nétì fi bẹnu àtẹ́ lù ú!

Ẹlòmíì á ní tí ìjọba àpapọ̀ bá yọwọ́, ìpínlẹ̀ kan lè lọ fi ọ̀rọ̀ òwò ẹrú pamọ́ fọ́mọ. Òótọ́ ni, ó lè ṣẹlẹ̀. Àmọ́ láwọn ìpínlẹ̀ kan, ẹ lè dìbò yọ bọ́ọ̀dù ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, bíi ní Texas, èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n, ìbò ló gbé gbogbo wọn débẹ̀.

Torí náà ẹ máa lọ sí mítìn-ìn skúùlù bọ́ọ̀dù àdúgbò yín, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fúnni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bi wọ́n: owó tẹ́ ẹ fi ń dá àwọn tíṣà History lẹ́kọ̀ọ́ yìí, ta ló fún yín, kí lẹ sì fọwọ́ sí kẹ́ ẹ tó gbà á? Tí wọ́n bá ń yí i sọ́tùn-ún yí i sósì, ẹ kọ̀wé béèrè fún ìwé gírááǹtì yẹn gan-an, òfin ìpínlẹ̀ gbà yín láyè láti rí i.