Ẹ ka ọ̀rá ọtí yín kí ẹ tó lọ

Iṣẹ́ rìwáyà ọkọ̀ ni mò ń ṣe ní Iléṣà, létí ọ̀nà tó lọ sí Ifẹ̀. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń gba ìtọ́jú ní kílíníìkì ìlera ọpọlọ nítorí ọtí tó di bárakú fún mi. Ilé ni mo ti ń lọ, ilé ni mo ń padà sí. Àwọn awakọ̀ máa ń fà mí sí kọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, kí ni wọ́n máa ń ṣe fún èèyàn níbẹ̀ gan-an?" Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo kọ síbí, kí ẹni tí ojú ń tì láti béèrè lè rí i kà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni kí n kọ́kọ́ sọ: ẹ má já ọtí sílẹ̀ lójijì nítorí pé ẹ fẹ́ lọ rí dókítà. Mo mọ̀ pé ó ṣàjèjì létí, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ilé ló ń bẹ̀ yín kí ẹ jáwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń mu ún láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ fún ọdún púpọ̀, ọtí ti di ara fún un. Bó bá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wákàtí 48 tó pé, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, oorun á dá lójú rẹ̀, wárápá sì lè gbé e ṣánlẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin, àwọn mìíràn á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Ìyẹn ń pa èèyàn.

Èmi ò mọ̀ nígbà náà. Ọjọ́ Túsìdé ni wọ́n dá fún mi, mo sì fẹ́ kí dókítà bá mi ní mímọ́. Alẹ́ Sátidé ni mo mu èyí tó kẹ́yìn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, òógùn mú kí aṣọ lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, mo rò pé ibà ni. Àárọ̀ Mọ́ńdè, mo tẹ̀ síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì kan, mo di tẹ́sítà mú, ibẹ̀ ni ìrántí mi pin sí. Wọ́n ní mo ṣubú, gbogbo ara mi ń jà. Ọmọ iṣẹ́ mi ki ṣíbí bọ̀ mí lẹ́nu, eyín mi kan kán. Ẹnìkan ti sáré lọ wá ìtọ̀ màlúù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ìyàwó mi dé kí wọ́n tó dà á sí mi lẹ́nu.

Tó bá ṣẹlẹ̀ lójú yín, ẹ yí onítọ̀hún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gbé irin àti òkúta kúrò nítòsí orí rẹ̀. Ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ìbáà ṣe ṣíbí, ìbáà ṣe àgbo, ẹ má sì di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ má dúró wò ó mọ́, ẹ gbé e. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ irú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni, bó ti wù kó yára tán.

Nítorí wárápá yẹn, wọ́n dá mi dúró lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ 6 kí wọ́n tó ní kí n máa ti ilé wá. Ẹni tí wárápá bá ti mú rí nítorí ọtí, wọn kì í sábà gbà kó dá ọtí dúró nílé. Kí èyí jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún wọn.

Kí ẹ wá ṣe kí ni kí ọjọ́ tó pé? Ẹ máa mu ún bí ẹ ti ń mu ún, ẹ má fi kún un, ẹ má wakọ̀, kí ẹ sì máa kà á. Ọtí inú ọ̀rá ni tèmi. Ṣáájú Sátidé tí mo jáwọ́ yẹn, ìyàwó mi gbé láílọ́ọ̀nù dúdú kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní gbogbo ọ̀rá tí mo bá tú, inú rẹ̀ ni kí n jù ú sí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi kà á. Mo ti rò pé mẹ́fà, méje ni mò ń mu lójúmọ́. Méjìlá ni. Ẹ ka àgbo jẹ̀díjẹ̀dí mọ́ ọn pẹ̀lú, torí ògógóró ni wọ́n fi ń po púpọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni páragà tí ẹ ń mu nínú ife kékeré ní gáráàjì. Bó bá jẹ́ tramadol, oògùn ìrora yẹn, ni ẹ ń lò, ẹ mú páálí rẹ̀ dání kí dókítà lè rí iye míligíráàmù tó wà lára rẹ̀. Òun náà ń fa wárápá.

Ní àgbègbè wa, OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ifẹ̀, ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ, abẹ́ rẹ̀ náà sì ni ilé ìwòsàn Wesley Guild ti Iléṣà wà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí kílíníìkì náà ń jókòó àti iye tí wọ́n ń gba káàdì. Ẹni tí kò tíì lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ lè pe nọ́ńbà NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, 080010203040, ọ̀fẹ́ ni. Mo mọ̀ pé orúkọ NDLEA ń ba èèyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni wọ́n ń fúnni lórí nọ́ńbà yẹn.

Ẹ̀rù tó pọ̀ jù tí mo ń gbọ́ ni pé, "Wọ́n á gbé mi lọ sí Aro." Lẹ́nu wa, Aro ti di èébú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ ọ. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, kì í ṣe pé ó ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Inú abúlé tó wà láyìíká ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú ẹbí wọn, wọ́n ń wá gba ìtọ́jú lójú mọmọ, wọ́n sì ń padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọn. Ìtọ́jú à-ń-tilé-lọ tí à ń bẹ̀rù yìí, ó ti pẹ́ nílẹ̀ wa.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdúró ló pọ̀ jù. Ẹ tètè dé, ẹ mú omi àti oúnjẹ dání. Wọ́n á gba káàdì fún yín, nọ́ọ̀sì á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìwọ̀n yín, ẹ ó sì jókòó. Ẹ lè rí ẹni tí ẹ mọ̀. Mo rí awakọ̀ kan tí mo ti ṣe ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A kí ara wa, a sún mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì, kò sí ẹni tó béèrè ohun tí èkejì wá ṣe. Títí dòní, kò tíì sọ ọ́ síta, èmi náà ò sì sọ ọ́.

Ẹ mú ẹnìkan dání, ẹni tó mọ̀ yín nílé, tí kì í pariwo. Dókítà mi kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó ń pè mí ní "ẹ̀gbọ́n". Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ń mu ún kí ẹ tó jẹun àárọ̀?" Mo ní rárá. Ìyàwó mi wo ilẹ̀, ó ní, "Bàbá Táyọ̀, ẹ jọ̀wọ́." Ó wá gbé láílọ́ọ̀nù yẹn lé orí tábìlì. Ojú tì mí, omi sì bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni ìtọ́jú mi bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Iṣẹ́ tèmi náà kò yàtọ̀: awakọ̀ tó bá fi pamọ́ fún mi pé ẹlòmíràn ti tú wáyà rẹ̀, èmi náà á kàn máa wá àléébù níbi tí kò sí ni. Iye tí ẹ ń mu ni dókítà fi ń mọ iye oògùn tí ẹ nílò. Bí ẹ bá gé e kù, oògùn náà á kéré.

Wọ́n á bi yín nípa oorun, oúnjẹ, iṣẹ́, àìsàn inú ẹbí, bóyá ẹ ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ ti rò ó rí láti pa ara yín. Ẹ má bínú sí ìbéèrè yẹn, gbogbo èèyàn ni wọ́n ń bi. Wọ́n máa ń ní kí ẹni tó bá yín wá bọ́ síta fúngbà díẹ̀ kí ẹ lè sọ ti inú. Ìgbà yẹn ni mo sọ pé mo ti dúró létí títì lóru ọjọ́ kan tí mò ń retí tírélà. Ìyàwó mi kò mọ̀. Dókítà kò pariwo, kò wàásù. Ó béèrè bóyá èrò náà ṣì ń wá, ó sì bá mi ṣètò ẹni tí mo máa pè bó bá tún dé.

Wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ láti wo ẹ̀dọ̀, wọ́n lè gba ìtọ̀ láti mọ oògùn tó wà lára.

Ní ti oògùn, wọ́n fún mi ní fítámì B1, torí ọtí ń jẹ ẹ́ tán lára, àti oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ti ìrẹ̀wẹ̀sì yìí gba sùúrù. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ló tó ń hàn, àmọ́ láti ọjọ́ kejì ni ẹnu gbígbẹ àti oorun ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dà á nù. Ẹ má dà á nù, ẹ padà lọ sọ fún wọn, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí ara bá sì yá, ẹ ṣì máa lò ó fún oṣù mélòó kan, dókítà ló máa sọ ìgbà tí ẹ ó dín in kù. Bí wọ́n bá fún yín ní diazepam, oògùn tó ń mú ara balẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ fi ọtí kún un rárá.

Ìyá mi dàgbà sínú ìjọ tó ti inú ìsọjí Òkè-Oòyè jáde, èyí tó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín ní 1930, omi àdúrà ni ó fi tọ́ wa. Kò fẹ́ oògùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàdúrà sí oògùn náà kí n tó lò ó, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbààwẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà.

Ní oṣù karùn-ún ìtọ́jú mi, mo lọ síbi òkú ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, mo mu ọtí. Ojú tì mí, mi ò lọ sí kílíníìkì lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún mi. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ lọ, kódà bí ọjọ́ ti kọjá. Lọ́sẹ̀ kejì ni mo tó lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè wọlé. Dókítà yẹn gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Mélòó?"

Mo ní mẹ́rin.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní kí n jókòó.